Pókà orí tẹlifíṣàn ti gba ojú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkòròdú: kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀?

Onílé-Ìwòran Èbúté

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará Ìkòròdú. Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kékeré kan ní Èbúté, níbi tí a ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú omi bó bá ti ń gbéra lọ sí Èkó láàárọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, owó bọ́ọ̀lù náà ni mo fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, n kò sì ronú rẹ̀ rí pé ohun mìíràn lè mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó fún wákàtí méjì láìdìde.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù parí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun so fóònù òun mọ́ tẹlifíṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó gbé jáde ni àwọn èèyàn mẹ́jọ tí wọ́n yí tábìlì ká, tí àwọn mìíràn nínú wọn wọ dígí dúdú nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n kàn ń ti àwọn nǹkan roboto aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nítorí mo rò pé ilé máa tú. Ilé kò tú. Pókà ni wọ́n pe eré náà, àti láti ọjọ́ yẹn, lálẹ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, bẹ́ǹṣì mẹ́ta ni wọ́n máa ń kún tí wọ́n ń wò ó.

Kò sí owó láàárín wọn. Bó bá jẹ́ pé owó wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti lé wọn. Ìdérí ìgò ni wọ́n ń ṣà jọ, wọ́n a da kéréètì délẹ̀, wọ́n a fi ṣe tábìlì, wọ́n a sì máa ta káàdì láàárín ara wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó wà nínú tẹlifíṣàn wí. «Má dà á sílẹ̀! Irọ́ ló ń pa fún ọ! Ṣé o ò rí i ni?» Bẹ́ẹ̀, káàdì tí ẹni tí wọ́n ń bá wí kò lè rí, ó hàn gbangba sí àwa ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tó ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olúkúlùkù: 72, 28, lẹ́yìn náà 9, 91.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń dúró kí ilé ẹ̀kọ́ gíga gbà á. Ó sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun lè na àwọn èèyàn yẹn bí òun bá rí owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní eré yìí kì í ṣe tẹ́tẹ́ rárá, ó ní ọgbọ́n orí ni, bí ayò. Ìyá rẹ̀ sì ti wá bá mi láti mọ ohun tí mo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń rí káàdì olúkúlùkù tí wọ́n ń fi hàn wá? Ṣé ọgbọ́n ni eré yìí lóòótọ́ àbí tẹ́tẹ́? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa wò ó?

Àkànní Sábó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró ti àwọn ọmọ náà. Mo ti ń wo eré yìí láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Eré náà kì í ṣe tuntun. Ní 1970, ní Las Vegas, Benny Binion tó ni ilé tẹ́tẹ́ Horseshoe pe àwọn ògbóǹtarìgì díẹ̀ jọ, láti ibẹ̀ sì ni ìdíje tí wọ́n ń pè ní World Series of Poker ti bẹ̀rẹ̀. Ìbò ni àwọn òṣèré fúnra wọn dì lọ́dún àkọ́kọ́ láti fi Johnny Moss ṣe olúborí. Tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà gbìyànjú láti máa fi ìdíje náà hàn láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò wọ àwọn aráàlú lára, nítorí pé kò sí ohun tí òǹwòran rí dì mú. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó di káàdì méjì mú, tó wò wọ́n, tó jù wọ́n sílẹ̀, tí ẹ kò sì ní mọ ohun tó jù sílẹ̀ títí láé.

Ẹni tó tú kókó yẹn ni Henry Orenstein. Júù tí wọ́n bí ní Poland ni, ó la àgọ́ àwọn Nazi já nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó dé Amẹ́ríkà, ó sì di oníṣòwò ohun ìṣeré ọmọdé. Òun wà lára àwọn tó mú Transformers tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣeré dé ọjà Amẹ́ríkà. Ní 1995 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi lè gbé kámẹ́rà sínú tábìlì pókà kí òǹwòran lè rí káàdì tí òṣèré dojú rẹ̀ dé. Ní 1999, Channel 4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò Late Night Poker jáde: wọ́n fi dígí sí etí tábìlì níwájú olúkúlùkù, kámẹ́rà sì ń wo káàdì láti abẹ́. Ní 2003, World Poker Tour gbé irú rẹ̀ jáde lórí Travel Channel ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ohun èlò tín-ín-rín kan ló wà nínú káàdì fúnra rẹ̀, tábìlì ló sì ń kà á. Àwọn òṣèré mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ń fi hàn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n máa ń dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà rí káàdì nínú fóònù kó sì ṣẹ́jú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí tábìlì.

Ọdún 2003 yẹn kan náà ni iná ràn. Akọ̀wé ìṣirò owó kan láti Tennessee, Chris Moneymaker (orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an nìyẹn), fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi gba àyè nínú ìdíje ńlá tí àwọn mìíràn san dọ́là 10,000 láti wọ̀, ó sì na àwọn 838 yòókù. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là ló gbé lọ sílé. Nígbà tó ku òun àti Sammy Farha, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, Farha ní mẹ́sàn-án méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan láàárín tábìlì, Moneymaker kò ní ohunkóhun, ó sì ti gbogbo owó tó ní síwájú bí ẹni tó ní gbogbo ayé. Farha rò ó, ó rò ó, ó sì da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi owó tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbogbo ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn ló mọ̀ pé Farha ló yẹ kó jẹ. Farha nìkan ni kò mọ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèyàn 2,576 ló wọ ìdíje náà. Ní 2005, wọ́n di 5,619. Ní 2006, 8,773.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ dìde sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta tó ń ta pókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ètò tẹlifíṣàn tó ń jẹun lára owó ìpolówó wọn sì rọ. Ìgbà tó padà dé, orí YouTube àti Twitch ló gbà wọlé, lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi dé Èbúté láìjẹ́ pé ẹ sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti bóyá ọgbọ́n ni: ọgbọ́n ni. Stu Ungar gba ìdíje ńlá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1980, 1981 àti 1997. Johnny Chan gbà á ní 1987 àti 1988. Phil Hellmuth ti gba ẹ̀gbà ọwọ́, tí wọ́n fi ń dá olúborí lọ́lá, 17 nínú oríṣiríṣi ìdíje World Series. Oríire nìkan kì í mọ ilé ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìgbógbó

Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ kú àlàyé, Àkànní. Ẹ ti ṣe é tán lórí ìtàn rẹ̀. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, èmi náà sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ pókà lẹ́nu wọn nínú kíláàsì. N kò fẹ́ kí a dá a lẹ́bi kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mo jókòó tì í.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn, 72 àti 28, tó ń sọ iye ìgbà nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣeé ṣe kí olúkúlùkù jẹ, ni mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn ọmọ náà léèrè. Ta ló ni ín? Ẹ̀rọ tó ṣírò rẹ̀ rí káàdì gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù nídìí owó náà. Òṣèré kankan nídìí tábìlì kò rí i. Nítorí náà, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti òṣèré kankan, kò sì sí bí ọmọ wa ṣe lè ní i lọ́wọ́ bó bá jókòó ta káàdì lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Nínú irú pókà tí wọ́n ń wò, olúkúlùkù gba káàdì méjì tirẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì fún gbogbo èèyàn. Ká ní mo ní ọkàn pupa méjì lọ́wọ́, ọkàn pupa méjì sì ti wà lára mẹ́rin tí wọ́n ti ṣí. Ó ku ẹyọ kan. Bí ọkàn mìíràn bá jáde, ó di márùn-ún onírú kan náà fún mi, ó sì ṣeé ṣe kí n jẹ. Ọkàn 13 ló wà nínú káàdì 52; mo ti rí mẹ́rin, ó ku mẹ́sàn-án. Káàdì tí n kò tíì rí jẹ́ 46. Mẹ́sàn-án nínú 46, ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí owó tó wà láàárín bá jẹ́ ₦3,000, tí wọ́n sì ní kí n fi ₦1,000 sí i kí n tó rí káàdì tó kù, ká ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta: mo jẹ ₦3,000 lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ₦27,000, mo pàdánù ₦1,000 ní ìgbà 37. Gbèsè ₦10,000 ni. Bó bá jẹ́ ₦5,000 ló wà láàárín, mo jèrè ₦8,000. Káàdì kan náà ni, oríire kan náà. Iye owó tó wà nílẹ̀ ló sọ ọ́ di ọgbọ́n tàbí òmùgọ̀. Mo gbà pẹ̀lú Àkànní pé ìmọ̀ wà nínú èyí. Mo ti fi kọ́ kíláàsì mi, wọ́n sì gbọ́ ìṣeéṣe lọ́jọ́ yẹn ju bí wọ́n ṣe ti ń gbọ́ ọ látọdún tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú pé ẹni tí mò ń bá ta á ti di ọkàn pupa méjì mú. Kì í ṣe mẹ́sàn-án ló kù fún mi mọ́, méje ni. Tẹlifíṣàn mọ̀, ó sì ti yọ ọ́ kúrò. Èmi kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa fi ìgboyà san owó mi.

Ohun kejì ni ohun tí wọn kì í fi hàn. Éèsì méjì, tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára jù lọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni í bọ́ síni lọ́wọ́. Lórí tábìlì gidi, wọn kì í sábà pín ju nǹkan bí 30 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà ẹni tó jókòó láti àárọ̀ lè má rí éèsì méjì títí wọn ó fi pa iná, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa da káàdì sílẹ̀, kó máa da káàdì sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò náà máa ń gé gbogbo ìyẹn kúrò. Nínú àwọn ètò tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti tún tò, ohun tí ọmọ wa ń rí ni ìgbà mẹ́wàá tí ìjì jà nínú ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ẹ̀pẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo ti lé ní 70 ọdún, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń pè é. Ohun tó mú mi dá sí i ni ọ̀rọ̀ tí ọmọdékùnrin yẹn sọ pé bí ayò ni. Mo ti ta ayò láti kékeré, n kò lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Nínú ayò, ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní gbangba. Ohun tí ọ̀ta rí ni ọ̀pẹ rí. Bí mo bá nà ọ́, o kò lè sọ pé mo fi nǹkan pa mọ́ fún ọ. O kàn kò ka ọmọ ayò dé ibi tí mo kà á dé ni. Ìdí nìyẹn tí òǹwòran ayò fi lè kọ́ ayò nípa wíwò. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, lẹ́yìn bàbá mi, kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ọmọ ayò.

Pókà kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó farasin ni gbogbo ìdí rẹ̀. Ohun tí mo wá gbọ́ nínú àlàyé yín ni pé kámẹ́rà abẹ́ tábìlì ti sọ ọ́ di ayò fún ẹni tó ń wò ó, nígbà tó ṣì jẹ́ pókà fún ẹni tó ń ta á. Eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ yín ti mọ èkínní dáadáa, ó sì rò pé òun mọ èkejì. N kò bínú sí i. Ẹni tó bá fi ọdún kan wo ayò lójúmọmọ, ó ti di ẹni tó lè jókòó sídìí ọpọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀.

Agbọ́kọ̀dúró, Ìmọ̀tà

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọjá láìsọ nǹkan kan. Èmi ni ọmọ tí bàbá ń sọ yìí, àfi pé mo ti dàgbà.

Fún oṣù mẹ́rin ni mo fi wo ètò náà lórí fóònù kí n tó forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì kan. Mo máa ń da fídíò dúró kí n tó rí ohun tí òṣèré máa ṣe, mo máa ń sọ èmi kí ni ǹ bá ṣe, mo sì máa ń gba á nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: n kò fi ọwọ́ bo káàdì ẹnì kejì nígbà tí mò ń dáhùn. Mo ń rí i. N kò mọ̀ pé òun ni mo fi ń dáhùn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo jẹ. Ó bani nínú jẹ́ pé mo jẹ. ₦180,000 tí mo kó jọ láti fi ra ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọkọ̀ mi ló tẹ̀ lé e nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ti owó síwájú, ojú mi máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ fóònù níbi tí káàdì rẹ̀ máa ń wà, kì í sì í sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìkànnì náà a tún máa yọ owó tirẹ̀ kúrò nínú èyí tí ẹni tó bá jẹ máa gbà, nítorí náà bí gbogbo wa tilẹ̀ gbọ́n bákan náà, gbogbo wa la máa jẹ gbèsè bópẹ́bóyá. Tẹlifíṣàn kò fi èyí hàn mí rí.

Àkànní Sábó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Ìmọ̀tà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú àwọn tó ṣẹ́gun nìkan wá nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́, kò sì tọ́. Ní 2023, èèyàn 10,043 ló wọ ìdíje ńlá náà. Daniel Weinman gba ju mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ, òun ni gbogbo ayé rí. Àwọn tó lé ní 8,000 nínú wọn, dọ́là 10,000 wọ́n lọ, wọn kò rí kọ́bọ̀. Láti 1997 tí Ungar ti gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì tún sí ẹnì kankan tó gba ìdíje náà lẹ́ẹ̀kejì, bí àwọn ọ̀gá ṣe pọ̀ tó. Mo ṣì sọ pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó tó hàn kúrò lára oríire, ọmọ ọdún 19 kò ní owó tó máa fi dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n, ní ti òfin, kí ẹ má jẹ́ kí owó wọ àárín àwọn ìdérí ìgò yẹn láé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, ó ní ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àjọ tó ń bójú tó lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Wíwò kì í ṣe títa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yín ni, orúkọ yín ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Onílé-Ìwòran Èbúté

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ ará Ìmọ̀tà tó la ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde sórí pépà, mo sì kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó dé, mo gé páálí bisikíìtì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn níbi tí káàdì àti nọ́ńbà máa ń jáde. Wọ́n pariwo. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wò ó bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, bí wọ́n bá fẹ́, kí olúkúlùkù máa sọ ẹni tó ń parọ́ àti ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́, èmi a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè mi. Ilé dákẹ́. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láàárín wọn. Bí ẹnì kan nínú tẹlifíṣàn bá ti owó síwájú, wọ́n a máa wo ojú rẹ̀, wọ́n a máa wo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan a ní irọ́ ni, èkejì a ní òótọ́ ni, èmi a ṣí páálí sókè díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tán. Nínú 14 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, márùn-ún ló gbà.

Ó ní kí n fún òun ní ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó sì bi mí bóyá olùkọ́ tó wà ní Ìgbógbó yẹn ń gba àwọn tó ń múra ìdánwò sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyáàfin, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ń gbà wọ́n, èló sì ni?